Ọkọ́, Ọkọ̀ àti Ọ̀kọ̀ Nínú Àpótí 8×8: Bí A Ṣe Lè Yan Sọ́fítíwíà fún Àwòrán Géèmù Àfọwọ́mú

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fún géèmù àfọwọ́mú máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Sọ́fítíwíà wo ló dáa jù?" Ẹnìkan á ní Photoshop ni. Ẹlòmíràn á ní Aseprite. Ẹnìkẹta á ní èyí tó wà lórí fóònù òun ti tó. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì dáhùn ìbéèrè náà, nítorí ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: inú ẹ̀rọ wo ni àwòrán náà ń lọ, kí sì ni ẹ̀rọ náà lè gbà? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.

Game Boy ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe géèmù tuntun fún un. Gbogbo òfin rẹ̀ ló ti hàn sí gbangba, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe é. Ìdí mìíràn tún wà tó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa gan-an. Ẹ̀rọ tí àyè rẹ̀ há tó báyìí máa ń fi ipá mú ènìyàn láti pinnu ohun tí èdè rẹ̀ kò lè ṣe aláìní. Bí a bá fẹ́ kí géèmù sọ Yorùbá, níbo ni àmì ohùn máa gbé?

Ohun tí ẹ̀rọ náà lè gbà

Ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé Game Boy jáde. Ojú ìwòran rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 160 ní ìbú àti 144 ní òró. Àwọ̀ mẹ́rin péré ló ní, láti orí èyí tó mọ́lẹ̀ jù dé orí èyí tó ṣú jù.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń yàwòrán mọ̀ jù lọ ni pé ẹ̀rọ yìí kò mọ àwòrán gẹ́gẹ́ bí odindi. Táìlì ló mọ̀. Ẹ wo bí àwọn tó ń lẹ táìlì sílẹ̀ yàrá ṣe ń ṣe: wọ́n ní oríṣi táìlì díẹ̀, wọ́n sì ń tò ó títí ilẹ̀ á fi kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Game Boy ń ṣe. Píksẹ́lì 8 sí 8 ni táìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 20 ló wọ ìbú ojú ìwòran, 18 wọ òró rẹ̀, àpapọ̀ sì jẹ́ 360. Bíìtì méjì ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí méjì ló tó láti ka àwọ̀ mẹ́rin. Píksẹ́lì 64 ní ìgbà bíìtì méjì jẹ́ 128, ìyẹn báìtì 16 fún táìlì kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: àyè 360 ló wà lójú ìwòran, ṣùgbọ́n oríṣi táìlì 256 péré ni àwòrán ẹ̀yìn lè pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di dandan kí àwọn kan tún ara wọn ṣe. Táìlì ojú ọ̀run kan lè kún ìdá mẹ́ta ojú ìwòran láìná ju báìtì 16 lọ. Ẹni tó bá sì ya igi mẹ́wàá tí ìkankan kò jọ èkejì máa tètè rí i pé àyè òun ti tán. Àwọn ohun tó ń rìn kiri, bí èèyàn, ẹranko àti ọta ìbọn, ní òfin tiwọn: àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní, èyí tó ṣìkẹrin dúró fún ibi tí a ń rí ẹ̀yìn là kọjá. Wọn kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ lójú ìwòran, tàbí 10 lórí ìlà kan.

Àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e fẹ àyè náà, wọn kò yí ìlànà rẹ̀ padà. Game Boy Color ti ọdún 1998 lè yan àwọ̀ láti inú 32,768, ṣùgbọ́n mẹ́rin mẹ́rin ló ń tò wọ́n, ẹgbẹ́ mẹ́jọ fún àwòrán ẹ̀yìn. Game Boy Advance ti ọdún 2001 ní ojú ìwòran 240 sí 160, táìlì rẹ̀ sì lè ní àwọ̀ 16 tàbí 256. Táìlì 8 sí 8 náà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè márùn-ún tó yẹ ká bi sọ́fítíwíà

Èkíní: Ṣé ó lè fi àwọ̀ sínú àkójọ tó ní nọ́ńbà? Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú àwọ̀. Nínú èkíní, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló gbé àwọ̀ tirẹ̀ dání. Nínú èkejì, nọ́ńbà ni píksẹ́lì gbé, nọ́ńbà náà ló sì ń tọ́ka sí àwọ̀ kan nínú àkójọ. Àwa tí a ti ka fonọ́lọ́jì lè rò ó bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín fóònù àti fóníìmù: ìró tí ẹnu ń pè lè pọ̀ bí iyanrìn, ṣùgbọ́n iye tí èdè kà sí ìró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní gbèdéke. Game Boy kò mọ "àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀." Ohun tó mọ̀ ni 0, 1, 2 àti 3. Bí sọ́fítíwíà bá ní ọ̀nà kejì yìí, kò ní jẹ́ kí àwọ̀ karùn-ún yọ́ wọlé. Bí ẹ bá sì yí àwọ̀ kan padà nínú àkójọ, gbogbo ibi tó wà nínú àwòrán ló máa yí.

Èkejì: Ṣé ó ní ìkọ̀wé tí etí rẹ̀ le? Búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń kun àwòrán lásán máa ń rọ etí ìlà kó lè dùn ún wò, ó ń fi àwọ̀ àárín há dúdú àti funfun láàárín. Lójú èèyàn, ìlà dúdú kan ni. Nínú fáìlì, ó lè jẹ́ oríṣi eérú ogún. Irinṣẹ́ tó ń fi àwọ̀ kan ṣoṣo sínú píksẹ́lì kan ṣoṣo ni a nílò. Ìlànà yìí náà ló kan fífẹ àwòrán lójú: kí píksẹ́lì kan di mẹ́rin tó rí bákan náà, kí sọ́fítíwíà má ṣe "tún un ṣe" fún yín.

Ẹ̀kẹta: Ṣé ó mọ táìlì? Ó kéré tán, kó lè fi ìlà 8 sí 8 hàn lórí àwòrán. Èyí tó dáa jù ni kó mọ̀ pé táìlì méjì kan náà jẹ́ ọ̀kan, débi pé bí ẹ bá tún ewé kan ṣe, gbogbo ewé tó jọ ọ́ á yí padà.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé ó ní ìpele, ṣé ó sì lè fi ìrìn hàn? Ìpele ni kí a ya ohun kan lórí òmíràn bí ẹni tó to gíláàsì mẹ́ta léra, kí a lè gbé ọ̀kan kúrò láìba èkejì jẹ́. Ìrìn ni kí a rí ẹsẹ̀ tó ń gbé, àwòrán kan tẹ̀lé òmíràn, kí a tó gbé e lọ sínú géèmù.

Ìkarùn-ún: Èló ni, orí ẹ̀rọ wo ló sì ń ṣiṣẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti gbó, tí bátìrì rẹ̀ kì í ju wákàtí kan lọ bí iná bá lọ, kò gbọdọ̀ yan bí ẹni tó ní ẹ̀rọ tuntun. Ó tún ṣe pàtàkì kó lè fi àwòrán pamọ́ bíi PNG. Fáìlì JPEG kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá, nítorí ó máa ń ju díẹ̀ nù nínú àwòrán kí fáìlì lè kéré, á sì fi àwọ̀ tí a kò yà rọ́pò rẹ̀. Nítorí èyí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ yín lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò.

Àwọn tó wà nílẹ̀

Aseprite ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ń lò. Ó ní àkójọ àwọ̀ alámì nọ́ńbà, ìpele àti ìrìn. Láti ẹ̀dà 1.3 tó jáde ní 2023, ó tún ní ìpele táìlì, èyí tó ń mọ táìlì tó tún ara rẹ̀ ṣe. Nǹkan bí 20 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe ń kọ́ sọ́fítíwíà láti inú kóòdù lè kọ́ tirẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀ láìsanwó.

LibreSprite ni àbúrò rẹ̀. Nígbà tí Aseprite yí ìwé àṣẹ rẹ̀ padà ní 2016, àwọn kan mú ẹ̀dà ìkẹyìn tó ṣì wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń bá a lọ lórúkọ tuntun. Kò ní ìpele táìlì ti ẹ̀dà 1.3, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè kìíní, èkejì àti ẹ̀kẹrin dára bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo lórí ẹ̀rọ tó ti gbó. GraphicsGale, tí òun náà ti di ọ̀fẹ́ láti 2017, jọ ọ́, àmọ́ orí Windows nìkan ló wà fún.

GIMP jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lè ṣe nǹkan púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ yìí ní láti mọ ibi mẹ́ta: kó yí àwòrán sí àkójọ àwọ̀ (Indexed), kó mú Pencil dípò Paintbrush, kó sì yan None nígbà tó bá ń fẹ àwòrán lójú. Bí a bá mọ mẹ́ta yìí, ó ṣeé lò. Bí a kò bá mọ̀ wọ́n, gbogbo ohun tí ìbéèrè èkejì kìlọ̀ fún wa ló máa ṣẹlẹ̀. Photoshop náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í tán, nítorí sísan-lọ-sísan-bọ̀ ni. Krita dára gan-an fún ẹni tó ń kun àwòrán bí ayàwòrán orí bébà. Kì í ṣe iṣẹ́ táìlì ni wọ́n ṣe é fún.

Piskel ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà, kò sí ohun tí a máa fi sórí ẹ̀rọ. Ó ní ìpele àti ìrìn, a sì lè kọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò fi dandan mú èèyàn sórí àwọ̀ mẹ́rin, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń yà á ni ìkóra-ẹni-níjàánu wà. Fún ẹni tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, Pixel Studio wà fún Android. Ó tó kọ́ ọwọ́.

Lẹ́yìn àwòrán, irinṣẹ́ kejì ló kù tí yóò gbé e wọ géèmù. Tiled jẹ́ ọ̀fẹ́, òun ni a fi ń to táìlì di ìlú àti oko. Àwọn tó ń kọ kóòdù fúnra wọn ní rgbgfx, tó ń sọ PNG di táìlì Game Boy, tó sì lè yọ àwọn tó tún ara wọn ṣe kúrò. Àwọn tí kò kọ kóòdù ní GB Studio tó jáde ní 2019. Òun gan-an ló fi ìdí tí ìbéèrè kìíní fi ṣe pàtàkì hàn: àwọ̀ mẹ́rin tó dárúkọ ni kí a fi ya àwòrán, #071821, #306850, #86c06c àti #e0f8cf. Fún àwọn ohun tó ń rìn, #65ff00 ló dúró fún ibi tí kò ní àwọ̀. Táìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àwòrán ẹ̀yìn kan fún Game Boy àtijọ́ kò sì gbọdọ̀ ju 192 lọ.

Ibi tí Yorùbá ti wọlé

Lẹ́tà náà jẹ́ àwòrán nínú Game Boy. Kò sí fọ́ǹtì nínú ẹ̀rọ náà. Bí a kò bá ya "ọ̀", kò sí "ọ̀". Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé kí a kúkú fi àmì sílẹ̀, pé òǹkàwé á lóye. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ tó yí i ká máa ń tọ́ òǹkàwé sọ́nà. Ṣùgbọ́n nínú géèmù, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì jù ni àpò ẹrù, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá dúró láìsí gbólóhùn. "Ọkọ́" ni a fi ń roko, "ọkọ̀" ni a ń wọ̀, "ọ̀kọ̀" ni a fi ń jagun. Bí àpò bá kọ "oko" fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ọ̀tá sì ti dé iwájú, kí ni kí ẹni tó ń ta géèmù mú? Igbá, igbà àti ìgbá náà ń bẹ: ọ̀kan ni a fi ń bu omi, ọ̀kan ni a fi ń gun ọ̀pẹ, ọ̀kan ni a ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wọn àyè náà wò. Lẹ́tà kékeré tó ṣeé kà nílò ìlà píksẹ́lì 4 fún ara rẹ̀. Àmì ohùn nílò 2, kí ó lè dagun sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Àmì abẹ́ nílò 1. Àlàfo 1 gbọ́dọ̀ wà lókè lẹ́tà, àlàfo 1 nísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9. Àpótí wa jẹ́ 8.

Ìlà kan péré ló fi lé, ọ̀nà méjì sì ni a lè gbà. Ọ̀nà kìíní ni kí a fún wọn pọ̀: kí àmì abẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà bí ìrù kékeré, kí a sì ya àdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní táìlì tirẹ̀. Iye rẹ̀ nìyí: fáwẹ́lì 7 lọ́nà ohùn 3 jẹ́ 21, kọ́ńsónáǹtì 17 (g àti b ló pàdé di gb), àti ń, ǹ, ḿ, m̀. Ìyẹn jẹ́ 42. Pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, ó di 84. Ó wọ inú fọ́ǹtì GB Studio dáadáa, nítorí àyè 224 ló wà níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ wà ní Unicode: é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Márùn-ún ni irú wọn: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀. Márùn-ún náà sì ni lẹ́tà tí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò lò: c, q, v, x, z. Ẹ lè ya ẹ́ sínú àpótí c, kí ẹ sì máa tẹ c níbi tí ẹ́ bá yẹ, títí dé orí márààrún.

Ọ̀nà kejì ni kí ohùn ní ìlà táìlì tirẹ̀ lókè lẹ́tà. Kì í ṣe ohun tuntun. Nínú Dragon Quest ti ọdún 1986 lórí Famicom, tí òun náà ń lo táìlì 8 sí 8, àmì tó ń sọ "ka" di "ga" nínú ìwé kíkọ àwọn ará Japan máa ń wà nínú táìlì tó wà lókè lẹ́tà. Àwa náà kò ṣàjèjì sí èrò yìí. John Goldsmith ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1976 pé ohùn ní ìpele tirẹ̀, pé kì í ṣe ara fáwẹ́lì. Lẹ́tà 24, ńlá àti kékeré, jẹ́ 48. Àmì ohùn òkè 1, ohùn ìsàlẹ̀ 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50 dípò 84. Lẹ́tà á tún rí odindi ìlà 8 lò: 2 fún orí b, d àti k, 4 fún ara, àlàfo 1, àmì abẹ́ 1. Ohun tí a máa san ni pé ìlà ọ̀rọ̀ 9 ló máa wọ ojú ìwòran dípò 18. Lẹ́tà gbogbo sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ dọ́gba, kí àmì lè bọ́ sórí lẹ́tà tó ni ín.

Nítorí èyí ni ìbéèrè ẹ̀kẹrin fi yẹ kó wúwo lójú wa. Nínú sọ́fítíwíà tó ní ìpele, a lè ya "o" lẹ́ẹ̀kan, kí a fi àmì abẹ́ sí ìpele kejì, ohùn sí ẹ̀kẹta, kí a sì máa tan ìpele kí a sì máa pa á bí a ti ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pamọ́. Bí a bá rí i pé àmì náà kéré jù, ibì kan ni a máa tún ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbìyànjú láti fi irinṣẹ́ ìkọ̀wé inú GIMP tàbí Photoshop tẹ fọ́ǹtì ńlá, kó wá sún un kì dé píksẹ́lì 8. Àmì abẹ́ ló máa kọ́kọ́ pòórá.

Èwo ni kí a wá mú?

Bí fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Pixel Studio. Bí ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù, tí ẹ kò sì fẹ́ náwó, LibreSprite àti Tiled ni mo máa mú. Ẹni tó ti mọ GIMP tẹ́lẹ̀ kò nílò láti pààrọ̀ rẹ̀, kó sáà rántí ibi mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ òun máa gùn, tí táìlì rẹ̀ máa pọ̀, owó Aseprite kì í ṣe ìnáwó-àpà.

Fún ìdánwò, ẹ ṣí àwòrán tó jẹ́ 128 sí 32, àwọ̀ mẹ́rin, ìlà 8 sí 8. Àyè táìlì 64 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà àti ohùn 50 sí i, nọ́ńbà 10, àmì ìdánudúró díẹ̀, àmì ìdánudúró pátápátá, àmì ìbéèrè, àti àlàfo kan. Ó kún rẹ́gí. Báìtì 16 lọ́nà 64 jẹ́ 1,024, ìyẹn kìlóbáìtì kan géérégé. Nínú 256 tí ẹ̀rọ lè pè, 192 ṣì kù fún igi, ilé àti ọ̀run.

Kìlóbáìtì kan ni gbogbo ohun tí Yorùbá ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ọdún 1989 kí ọkọ́ má baà di ọ̀kọ̀. Àwọn tó ń ṣe fóònù àti géèmù lónìí ní àyè tó ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù. Bí wọ́n bá ní àmì ohùn kò wọlé, kì í ṣe àyè ni kò sí.